Ta Ni Yóò Kọ́ Ọmọ Wa Ní Yorùbá Ní Kùmásí?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ohun tí mo kọ́kọ́ rí kà nínú ìwé, bí kò ṣe ohun tí ojú mi rí ní ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n rán wa jáde láti lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo ṣí ìwé orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo kan orúkọ kan tí ó jẹ́ Babátúndé, inú mi dùn, mo sì fi ohùn tí ó yẹ ẹ́ pè é, nítorí kì í ṣe ojoojúmọ́ ni ènìyàn ń rí orúkọ ilé rẹ̀ ní ìlú àjò. Ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Mo tún un pè. Àwọn ọmọ ń wo ara wọn lójú, títí ọmọbìnrin kan fi nàka sí ọmọkùnrin tí ó jókòó lẹ́bàá fèrèsé, tí ó ní, "Tíṣà, Kofi ni à ń pè é." Ọmọ náà doríkodò bí ẹni tí a ká mọ́ ibi olè.

Nígbà tí ilé-ìwé túká, mo pè é sọ́dọ̀, mo sì bá a sọ Yorùbá. Ó gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n Twi ni ó fi dá mi lóhùn. Ó ní ìyá òun ni ó kìlọ̀ fún òun pé kí òun má ṣe máa jẹ́ orúkọ yẹn níta. Mo tẹ̀ lé e délé wọn. Ní ẹnu ọ̀nà ni mo ti bá ìyá àgbà kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, lórí àpótí ìjókòó, tí ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Ìyá náà gbé àtẹ sílẹ̀, ó sì ń wò mí lọ wò mí bọ̀ kí ó tó dáhùn. Ó ní, "Tíṣà, ẹ ẹ̀ rí ọmọ yìí bí? Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ tí wọ́n bí i. Nígbà tí bàbá àgbà rẹ̀ kú sí ilẹ̀ yìí, tí oṣù mẹ́rin kò tíì pé, ni a bí i, ìyẹn ni a fi sọ ọ́ ní Babátúndé. Bí ó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ nísinsìnyí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni yóò máa bá a túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ṣé ọmọ mi ni, àbí àlejò mi?"

N kò rí èsì fún ìyá náà. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń padà bọ̀ ní ọ̀nà, mo ronú pé ẹjọ́ yìí kì í ṣe ti ilé kan ṣoṣo. Bí ẹ bá rìn yí Zongo ká ní ìrọ̀lẹ́, tàbí tí ẹ bá lọ sí ilé àwọn ènìyàn wa ní ẹ̀yìn ọjà, ẹ ó rí i pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a bí sí ibẹ̀ kò lè sọ gbólóhùn Yorùbá mẹ́ta pọ̀. Èrò tèmi ni pé àṣìṣe ńlá ni a ń ṣe, àti pé ẹ̀rù tí ó mú wa ṣe é, ibi tí kò yẹ ni a fi sí. Ẹ má ṣe ṣì mí gbọ́ o. N kò ní kí ọmọ má ṣe sọ Twi. Ọmọ tí yóò gbé Kùmásí tí kò gbọ́ Twi, ẹni tí a ti dí létí ni.

Mo mọ̀ pé nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹni tí ó ti Freetown wá wà, ẹni tí ó ti Lomé wá wà, ẹni tí ó ti Ouagadougou wá náà wà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ lè má mọ bí àwa ti ṣe dé ibí. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Kùmásí ní 1896, tí ọkọ̀ ojú irin sì ti Sekondi wọ ìlú ní 1903, ọ̀nà là fún oníṣòwò. Ìjọba kan náà ni ó ń ṣe àkóso Nàìjíríà àti Góólù Kóòsì, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò bi ọmọ Yorùbá léèrè ìwé ìrìnnà. Àwọn bàbá wa ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, wọ́n ti Ìlọrin, Ọ̀ffà, Èjìgbò, Ìnísà, Ṣakí àti Ìgbẹ́tì wá. Wọ́n ń ta aṣọ, wọ́n ń ta ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n ń ta abẹ́rẹ́ àti òwú àti dígí àti fìtílà, gbogbo ohun tí à ń pè ní wòsìwósì. Ẹnì kan yóò kọ́kọ́ dé, yóò ríṣẹ́ ṣe, yóò sì ránṣẹ́ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé. Ọmọ náà yóò máa gbé igbá lérí kiri àwọn abúlé kòkó fún ọdún bíi mélòó kan, títí ọ̀gá rẹ̀ yóò fi dá a sílẹ̀ pẹ̀lú ọjà díẹ̀ lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìlú kan ṣe ń fa ara rẹ̀ wá sí Kùmásí díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ìjọba Gánà ka ènìyàn ní 1960, àwọn Yorùbá tó nǹkan bí 100,000 ní ilẹ̀ náà.

A kò sì wá lọ́wọ́ òfo. Àwọn oníṣòwò Yorùbá ni ó gbé ẹ̀sìn Onítẹ̀bọmi wọ ilẹ̀ yìí ní 1918, láti ara iṣẹ́ wọn ni Àpapọ̀ Ìjọ Onítẹ̀bọmi ti Gánà sì ti yọ, tí ó dá dúró ní 1963. Ní Accra, àdúgbò tí à ń pè ní New Town lónìí, Lagos Town ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Alata ni àwọn Asante àti àwọn Gá ń pè wá, ọṣẹ dúdú tí wọ́n sì ń tà káàkiri ọjà Gánà, alata samina ni wọ́n ń pè é, èyíinì ni ọṣẹ àwọn Alata. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan nínú ilé-ẹ̀kọ́ yìí a máa fi orúkọ Alata dá mi lápárá ní òwúrọ̀, bẹ́ẹ̀ ọṣẹ wa ni ó wà nínú ike ọṣẹ wọn. N kò bínú. Ara tí ó mọ́ ni mo fẹ́ fún wọn.

Ǹjẹ́ báwo ni ènìyàn tí ó ní irú ìtàn báyìí ṣe wá di ẹni tí ń fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pamọ́? Ọdún 1969 ni ó bí i.

Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá ọdún náà, ìjọba Dókítà Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú lọ gba ìwé náà, tàbí kí wọ́n jáde kúrò ní Gánà láàrín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Owó kòkó ti wálẹ̀ ní àwọn ọdún tí ó ṣáájú, gbèsè wà lọ́rùn ìjọba, àwọn ọ̀dọ́ kò ríṣẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé bí àjèjì bá kúrò lọ́jà, onílé yóò rí àyè jókòó. Bàbá bàbá mi ní ìsọ̀ aṣọ ní ọjà ńlá Kùmásí nígbà náà, ó sì ti lo ọdún méjìlélógún níbẹ̀. Kò ní ìwé, nítorí nígbà tí ó wá, kò sí ẹni tí ó béèrè ìwé. Bàbá mi sọ fún mi pé àwọn tí ó jẹ bàbá òun lówó kò yọjú mọ́ láti ọjọ́ kejì, àti pé aṣọ tí ó wà nínú ìsọ̀, iye tí ẹni tí ń rà bá fẹ́ san ni ó ń gbà. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni: ìyá Asante kan tí ń ta tòmátò ní ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ wọn gba ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá àgbà mi pamọ́, kò tà á, kò sì yá ẹnikẹ́ni. Nígbà tí bàbá mi padà wá lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀rọ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi bò ó.

Ọmọ ọdún méje ni bàbá mi nígbà tí lọ́rì gbé wọn dé Ògbómọ̀ṣọ́. Kùmásí ni a bí i sí. Twi ni ó fi ń ṣeré, Twi ni ó fi ń jà. Ní ilé-ìwé tuntun rẹ̀, omi ń gbẹ ẹ́, ó sì ní òun fẹ́ mu *nsuo*. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ sọ pé "gbogbo", "bobo" ni ó sọ. Wọ́n dá a padà sí kíláàsì àwọn ọmọ kékeré, kì í ṣe pé orí rẹ̀ kò pé, bí kò ṣe pé kò gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń wí. Títí ó fi kúrò ní ilé-ìwé, "Ọmọ Gánà" ni orúkọ rẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ń wí: ní Gánà wọ́n ní àjèjì ni, ní ilé bàbá rẹ̀ wọ́n tún ní àjèjì ni. Irú rẹ̀ pọ̀ ní ọdún náà, ọmọ tí kò rí ilẹ̀ Yorùbá rí tí a wá dá padà sí ibi tí kò ti wá.

Ìdí nìyí tí n kò fi lè gba ohun tí àwọn ìyá wa ń wí, pé bí a bá fi èdè àti orúkọ pamọ́, ewu kò ní dé. Ní 1969, ìwé ni ìjọba béèrè, kò béèrè èdè. Òótọ́ ni pé ilà ojú àti ahọ́n ni àwọn ènìyàn kan fi ń dá àjèjì mọ̀ ní ọjà. N kò sẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó sọ Twi bí ọmọ Asante, lọ́rì kan náà ni ó bá àwọn òbí rẹ̀ wọ̀. Ẹni tí ó ní ìwé dúró, ìbáà máa sọ Yorùbá láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ọgbọ́n tí ó yẹ kí a ti rí kọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé kí a tọ́jú ìwé wa. Dípò èyí, orúkọ ọmọ ni a sáré lọ fi pamọ́, ìwé kò sì tíì pé lọ́wọ́ púpọ̀ nínú wa.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé Gánà nìkan ni mo ń bá wí. Ní oṣù kìíní 1983, ìjọba Nàìjíríà náà lé àwọn àjèjì jáde, àwọn ọmọ Gánà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Báàgì alábàárà tí wọ́n fi kó ẹrù wọn di "Ghana Must Go" lẹ́nu gbogbo wa títí di òní. Akẹ́kọ̀ọ́ kan nínú yàrá wa sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n bàbá òun wà nínú àwọn tí ó sùn mọ́jú ní ẹnubodè ní ọdún náà. Nígbà tí èmi náà sọ ti bàbá mi fún un, àwa méjèèjì dákẹ́, kò sí ẹni tí ó lè bú ẹnì kejì. Àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti 1979 ti fún wa láyè láti wọ ìlú ara wa fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba fisa, ṣùgbọ́n òfin ìṣòwò ṣì ń dá ìjà sílẹ̀ láàrín oníṣòwò ibí àti ti Nàìjíríà. Ẹ jẹ́ kí a fi èyíinì sílẹ̀ fún àwọn tí ó mọ òfin.

Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Asante tòótọ́, gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kọ, ó sì ní, "Àbúrò, èéṣe tí ẹ kò fi lè di ara wa pátápátá? Ẹ bímọ síbí, ẹ sin òkú síbí, kí ni ẹ tún ń fi èdè ibòmíràn ṣe?" Ìbéèrè rere ni, ọkàn rere ni ó sì fi béèrè. Ṣùgbọ́n mo rán an létí ọba wọn. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú Asantehene Prempeh Kìíní ní 1896, tí wọ́n sì gbé e títí dé erékùṣù Seychelles ní 1900, kò padà sí Kùmásí títí di 1924. Ní ilẹ̀ òkèèrè náà, ọba kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gba ẹ̀sìn Kristi. Síbẹ̀ kò di ará Seychelles. Ní 1907 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí mú kí wọ́n kọ ìtàn àwọn ọba Asante sílẹ̀ kí ó má bàa parẹ́. Bí ọba yín bá gbàgbé nígbà náà, mo ní, ta ni ì bá padà wá sí ọ̀dọ̀ yín ní 1924? Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín, ó ní mo ti mú òun. Àwọn Asante mọ ohun tí àjò jẹ́. Bí a bá ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn dáradára, wọn kì yóò bínú sí wa.

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù kò jìnnà sí wa. Àwọn kan wà ní Accra tí à ń pè ní Tabom. Àwọn àgbà wọn jẹ́ ẹrú tí ó gba òmìnira ní Brazil tí wọ́n sì padà wá sí Áfíríkà ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Bí ẹnikẹ́ni bá kí wọn, "tá bom" ni wọ́n ń fi dáhùn, èyíinì ni pé "ó dára" ní èdè Potogí, ibẹ̀ sì ni orúkọ wọn ti wá. Àwọn Gá gbà wọ́n, wọ́n fún wọn ní ilẹ̀, wọ́n di Gá. Ilé wọn àtijọ́ ṣì wà, olóyè wọn wà, ṣùgbọ́n èdè Potogí tán lẹ́nu wọn, ó ku orúkọ. Bákan náà ni ti Freetown, níbi tí àwọn Yorùbá tí a gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú ti tẹ̀dó pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn: ẹ ó gbọ́ *awujoh* níbi tí wọ́n bá ti ń se àsè fún òkú wọn, ẹ ó gbọ́ orúkọ Yorùbá, ṣùgbọ́n Krio ni wọ́n fi ń ná ọjà. Ní Kuba àti Brazil, àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà ń kọrin Yorùbá tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń kọ ọ́ kò lè fi béèrè omi mu. N kò fi èyí pẹ̀gàn ẹnikẹ́ni, nítorí ìyà ẹrú ni ó já wọn kúrò lára orísun. Àwa ń kọ́? Ta ni ó de ọwọ́ wa? Ọkọ̀ ń lọ sí Èkó láti Kùmásí.

Nígbà tí mo ń wá àpẹẹrẹ nínú ìwé, mo ka ìtàn àwọn ará Wales, tí ilẹ̀ wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì yà mí lẹ́nu bí ìtàn náà ti jọ tiwa. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ní àwọn ilé-ìwé kan nílẹ̀ wọn, bí ọmọ bá sọ èdè ìyá rẹ̀, olùkọ́ a gbé igi pẹlẹbẹ kan tí wọ́n kọ W.N. sí kọ́ ọ lọ́rùn. Bí ó bá gbọ́ ọmọ mìíràn tí ó sọ ọ́, yóò gbé igi náà fún onítọ̀hún, ẹni tí igi náà bá sì wà lọ́rùn rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ni yóò jẹ pàṣán. Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, ẹ sọ òtítọ́: ta ni nínú wa tí kò mọ igi yìí? Ní ilé-ìwé tí mo lọ ní kékeré, páálí ni tiwa, okùn ọ̀rá ni wọ́n fi so ó, mo sì gbé e kọ́rùn ní ọjọ́ kan láti aago mẹ́jọ di aago méjì nítorí pé mo kígbe "yéè!" nígbà tí ẹnì kan tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Mo rò pé àwa aláwọ̀ dúdú nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan nínú àwọn ará Wales wá sọ pé àwọn yóò lọ sí ibi tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní lè gbé èdè àwọn mì. Ní 1865, nǹkan bí 150 nínú wọn wọ ọkọ̀ ojú omi tí ń jẹ́ Mimosa ní Liverpool, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Patagonia ní ilẹ̀ Ajẹntínà ní ọjọ́ 28, oṣù keje. Ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n bá, ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n, àwọn Tehuelche tí ó ni ilẹ̀ sì ni ó kọ́ wọn ní ọdẹ ṣíṣe. (Ogun tí ìjọba Ajẹntínà wá gbé ti àwọn onílẹ̀ wọ̀nyí lẹ́yìn náà kò dára létí rárá, ó sì yẹ kí ẹni tí ń yin àtìpó máa rántí onílẹ̀.) Wọ́n la ojú omi láti odò Chubut wọ oko, wọ́n kọ́ ilé ìsìn, wọ́n ń ṣe àjọ̀dún orin àti ewì wọn tí ń jẹ́ eisteddfod. Nígbà tí ó yá, ìjọba ní Spanish ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ nílé-ìwé, ní ìran bíi mélòó kan èdè Wales sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú lẹ́nu àwọn ọmọ. Ẹ wò ó, àwọn tí ó tìtorí èdè kúrò nílé!

Ṣùgbọ́n kò kú tán. Láti 1997 ni wọ́n ti ń rán olùkọ́ láti Wales lọ sí Chubut, àwọn ọmọ wà níbẹ̀ lónìí tí wọ́n gbọ́ Spanish àti èdè Wales pọ̀, tí wọ́n sì jẹ́ ọmọ Ajẹntínà láìsí àríyànjiyàn. Ohun tí mo fi ọwọ́ sí nínú ìtàn yìí nìyí: kì í ṣe ilé ìsìn, kì í ṣe oúnjẹ, kì í ṣe àjọ̀dún ni ó gba èdè náà sílẹ̀. Olùkọ́ ni.

Mo sọ èyí nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa kò ṣaláìní owó. Mo mọ ẹgbẹ́ kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀, tí ó ra aṣọ ẹbí lẹ́ẹ̀mejì láàrín ọdún kan, tí ó sì pa màlúù. Nígbà tí èmi àti àwọn méjì nínú ilé-ẹ̀kọ́ yìí tọ̀ wọ́n lọ pé kí wọ́n ra pátákó kan àti páálí ṣọ́ọ̀kì méjì fún wa kí a lè máa kọ́ àwọn ọmọ wọn ní Yorùbá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, akápò wọn ní kí a kọ lẹ́tà. A kọ lẹ́tà. Ó ní kí a dúró de ìpàdé. Ìpàdé náà ti kọjá lẹ́ẹ̀mẹta báyìí. Bàbá kan níbẹ̀ tilẹ̀ bi wá pé, "Ṣé Yorùbá ni wọn yóò fi gba iṣẹ́ ìjọba?" Mo fẹ́ bi bàbá náà pé ṣé aṣọ ẹbí ni wọn yóò fi gbà á, ṣùgbọ́n àgbà ni, mo sì dọ̀bálẹ̀ kúrò níbẹ̀.

A bẹ̀rẹ̀ láìsí pátákó. Yàrá kan tí ẹnì kan ń kó àpò sìmẹ́ńtì sí ni a ń lò, ọmọ mọ́kànlá ni ó kọ́kọ́ wá, méje ni ó kù. Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nínú ohun tí a rí, bóyá yóò wúlò fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ fún èdè tirẹ̀. Àwọn kan ní èdè méjì yóò da ọmọ lórí rú. Irọ́ ni. Àwọn ọmọ Zongo ń sọ Hausa, wọ́n ń sọ Twi, wọ́n tún ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, orí wọn kò sì dàrú. Twi tí ọmọ gbọ́ tilẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́, nítorí Twi náà ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bíi Yorùbá. Ọmọ wa kò ní kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ òun pé ohùn lè yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà, gẹ́gẹ́ bí a ti ní láti kọ́ òyìnbó. Ó mọ ẹ àti ọ pẹ̀lú, lẹ́tà rẹ̀ nìkan ni ó yàtọ̀ sí èyí tí ó rí nínú ìwé Twi. Ibi tí iṣẹ́ wà ni "gb" àti "p" wa, nítorí Twi kò ní wọn. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Gá tàbí Ewe a máa pè wọ́n wẹ́rẹ́, nítorí àwọn ní wọn nílé, a sì ń mú un ṣe olórí àwọn yòókù ní ọjọ́ náà. Ayò kì í fún wa ní wàhálà rárá, nítorí *oware* ni wọ́n ń pè é níbí, wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n ta jù mí lọ. Inú ayò ni a ti ń kọ́ wọn ní òǹkà. Ìwé Aláwìíyé ti J. F. Ọdúnjọ tí ẹnì kan bá wa rà bọ̀ láti Ìbàdàn, méjì péré ni, ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ó ń wo ọ̀kan.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi láti Togo, àwọn Ifẹ̀ wà ní Atakpamé yín. Ẹ̀yin ti Benin, ẹ ní Kétu àti Ṣábẹ́. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe àtìpó bíi tiwa, ilé wọn ni wọ́n wà tí ààlà òyìnbó fi bá wọn, ṣùgbọ́n a lè rí ẹni tí ó lè fi ìwé ránṣẹ́ sí wa láàrín wọn. Ẹ̀yin ọmọ Mossi, ó hàn sí mi pé ìbéèrè kan náà ni ó wà nílé yín ní Kùmásí. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí ẹ ń ṣe sí i.

Babátúndé ń wá. Ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ kọ̀, ó ní kí n má ṣe kó ọmọ òun sí wàhálà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé èmi kò ní gba Kofi lọ́wọ́ rẹ̀: ọjọ́ Ẹtì ni a bí i, orúkọ ọjọ́ rẹ̀ ni, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Mo tún bi í bóyá ìwé ìbí ọmọ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí. A ti jọ lọ sí ọ́fíìsì lẹ́ẹ̀kan nítorí rẹ̀, wọ́n ní kí a padà wá ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ pẹ̀lú bàbá rẹ̀. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó kọjá, ọmọ náà kí ìyá àgbà rẹ̀ pé "Ẹ kú alẹ́ o, ìyá" ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Ìyá àgbà kò tún un ṣe. Ó ní bí ó bá wù ú kí ó jẹ́ alẹ́, òun gbà.

Ẹni tí ó ni yàrá sìmẹ́ńtì ti ní òun fẹ́ lò ó kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí a lè kó àwọn ọmọ méje sí, láti aago mẹ́sàn-án sí aago mọ́kànlá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ó bá mi sọ̀rọ̀ ní ilé ìjẹun.